Èkan Gba Oko Bàbá Mi, Koríko Ni Mo Fi Gbà Á Padà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí nígbà tí mo padà débẹ̀ ní 2020. Éékà mẹ́rin ni, ọ̀nà Ìkòyí, téèyàn bá ti kúrò nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọrí sí apá Oríire. Bàbá mi ló ń dá oko níbẹ̀, iṣu àti ọkà bàbà ni wọ́n máa ń gbìn, nígbà tó yá ẹ̀gẹ́ nìkan ló kù torí ilẹ̀ ti rẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti papòdà, ọdún 11 gbáko, kò sẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ibẹ̀. Àwọn bọ̀dá mi wà l'Ékòó, èmi náà wà nídìí láfún tí mò ń tà, oko ò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìgbà tí mo débẹ̀ mi ò mọ ibi tí ààlà wà mọ́. Apá ìsàlẹ̀, koríko Awólọ́wọ̀ ló gbà á, ó ga jù mí lọ, kò sí bí mo ṣe lè wọ ibẹ̀ láìsí àdá. Koríko yìí náà làwọn ibòmíì ń pè ní Akíntọ́lá o, ṣùgbọ́n bàbá mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ láyé wọn, wọ́n ní Ládòkè ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àwọn ò ní fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tó ń ba oko jẹ́. Ẹ̀bá ọ̀nà, patanmọ́ àti òsépòtu. Abàfẹ̀ ń yọ lára kùkùté káàkiri. Àárín oko wá jẹ́ èkan, koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí òyìnbó ń pè ní spear grass, èkan ṣá, ó yọ òdòdó funfun láú bí òwú, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gbogbo rẹ̀ á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà.

Àgùntàn ni mo fẹ́ torí ẹ̀ lo ilẹ̀ yẹn. Mo ti ń sin mẹ́fà lẹ́yìnkùlé, èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jáde nídìí láfún ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá já wọ ọgbà ẹ̀fọ́ aládùúgbò ìjà ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ṣòfin lórí dída ẹran kiri, mo wá rò ó pé ẹni tó bá fẹ́ sin ẹran báyìí àfi kó ní ibi tí ẹran ẹ̀ á ti máa jẹun láìṣe pé ó jẹ oko olóko. Mo ní ilẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ di pápá koríko. Mi ò mọ̀ pé ọdún mẹ́ta gbáko ló máa gbà mí.

Iná ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Oṣù kejì ni, ọyẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀ tán, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ, mo rò pé ìyẹn ló máa yá jù. Iná yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti ẹlòmíì jẹ́, ó fò lọ sápá ibi tí kajú ẹnìkan wà, àwa mẹ́fà la fi ẹ̀ka igi nà á títí ilẹ̀ fi ń ṣú kó tó kú. Mo ṣì máa ń rántí ẹ̀ tí àyà mi á já. Ẹ wá wò ó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí òjò ò tíì rọ̀ rárá o, tí gbogbo nǹkan yòókù ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò, èkan ti yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni ara ẹ̀ wà. Iná ò débẹ̀. Ohun tí iná pa ni àwọn koríko àti igi kéékèèké tí wọn ì bá máa bá a du àyè, ó wá ku òun nìkan.

Èyí ò tíì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lóṣù kẹrin mo ta àgbò méjì, mo háyà katakata, ó ro gbogbo éékà mẹ́rin, ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dáa lójú débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn bọ̀dá mi. Mo ra irúgbìn guinea grass, koríko tí ẹran máa ń jẹ, mo fọ́n ọn, mo sì ní kí wọ́n fi ọkọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa kí ẹyẹ má ṣà á jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kẹrin mo rí i tí nǹkan ń yọ ṣóńṣó ṣóńṣó, inú mi dùn, mo sáré débẹ̀.

Mo lóṣòó, mo fi ẹnu àdá wa ìdí ọ̀kan. Gbòǹgbò ẹ̀ funfun, ó ní oríkèé bí ìrèké tí wọ́n dín kù, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan tí mo fà yọ ti gún ẹ̀gẹ́ àtijọ́ kan wọ ìhín jáde lọ́hùn-ún, ẹ̀gẹ́ náà ti jẹrà sí i lára. Mo wá tún wa ibòmíì. Katakata ti gé gbogbo gbòǹgbò yẹn sí wẹ́wẹ́, eléyìí gùn tó ìka mi, eléyìí ò ju àtàǹpàkò lọ, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ti yọ ojú, tí ewé kan sì ti jáde lójú kọ̀ọ̀kan. Èkan tó wà láàárín nìkan tẹ́lẹ̀, katakata ti bá mi pín in kárí oko. Mo jókòó sórí ebè níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi, torí àgbò méjì yẹn ni mo fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ mi.

Irúgbìn tí mo fọ́n náà, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo pa á. Irúgbìn guinea grass kéré bí iyanrìn, tó bá ti wọlẹ̀ jìn agbára ẹ̀ ò lè gbé e jáde, orí ilẹ̀ lókè lókè ló yẹ kó wà, kéèyàn kàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń jẹ́ háhá lásán, kò sí ọmọ nínú ẹ̀, ẹni tó bá ń rà á tí kò fi ọwọ́ ra á wò, háhá ló máa gbé lọ sílé.

Bàbá darandaran kan wà nínú gáà tí ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, Yorùbá wọn dán ju tèmi lọ. Wọ́n ń kọjá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rí mi tí mo jókòó. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn ní, "Ìyá Oníláfún, ẹ dìde, ẹ wá wo ìdí máńgòrò yín yìí." Máńgòrò tí bàbá mi gbìn ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún, èkan yí i ká pátápátá, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹ̀, níbi tí òjìji ẹ̀ dé, kò sí ẹyọ èkan kan. Katakata ro abẹ́ ibẹ̀ náà o. Bàbá ní, "Kò fẹ́ òjìji. Ilẹ̀ tó bá wà níhòòhò ló ń wá. Ẹ yéé bọ́ aṣọ lára ilẹ̀, ẹ wá aṣọ fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n tún sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní LAUTECH ló wá là á yé mi, ó ní, "Àǹtí, ewé ló ń se oúnjẹ, gbòǹgbò ni àká tó ń kó o sí, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gé ewé, inú àká yẹn ló ti máa bu oúnjẹ kó tó lè yọ òmíì, tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ kó tún se oúnjẹ kún un, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan." Ìyẹn ni pé ká máa mú un náwó, ká má sì jẹ́ kó rówó wọlé, ká wá fi nǹkan bò ó lórí.

Ní 2021 mo mú éékà kan péré. Àwọn bọ̀dá mi ní ó kéré jù, pé kí ni mo fẹ́ fi éékà kan ṣe, mi ò dá wọn lóhùn, torí agbára tí mo ní éékà kan ló lè gbé. Ìparí oṣù kẹrin a bẹ́ gbogbo ẹ̀ nílẹ̀, a fi sílẹ̀ títí tó fi yọ ewé tuntun dé orúnkún, ìgbà yẹn ni mo lo glyphosate, oògùn apakoríko. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́míkà, mi ò bá wọn jà, èmi náà ò lò ó mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa lò ó ẹ lò ó bó ṣe yẹ. Ewé tó ń dàgbà lọ́wọ́ ló ń gbé e lọ sínú gbòǹgbò, ewé tó ti gbó tó ti gbẹ ò gbé nǹkan kan lọ. Àti omi! Nígbà àkọ́kọ́ omi odò ni ọmọkùnrin tó ń fín in bù, omi yẹn pọ́n, ẹrẹ̀ ti pò mọ́ ọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì èkan ò ṣe bí ẹni tí wọ́n fín nǹkan sí, ẹrẹ̀ ti dì mọ́ oògùn yẹn kó tó dé ara ewé. Ìgbà kejì a pọn omi kànga tó mọ́ lóló, mo ra bàtà róbà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú fún ọmọkùnrin yẹn torí ọmọ ẹlòmíì ni, a ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ó wá ràn.

Ó ràn lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ti tún wà níhòòhò nìyẹn. Kíá ni mo gbin mukúnà sí i lóṣù kẹfà tí òjò ti múlẹ̀. Ẹ̀wà kan báyìí tó máa ń fà nílẹ̀ bí ìtàkùn ni, ìbátan wèrèpè ni ṣùgbọ́n kì í yún ara, éèpo ẹ̀ ò ní irun tó ń jóni yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn tó ń kọjá ò gbà. Wọ́n ní ìyá kan ti gbin wèrèpè sóko, àwọn tó ń wá ṣẹ́gi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò wá mọ́, ẹnìkan tiẹ̀ wá bá mi nísọ̀ láfún mi pé kí ni wọ́n ṣe fún mi. Mo ní kó tẹ̀ lé mi, mo ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀ lójú ẹ̀, mo fi ewé ra apá mi méjèèjì, mo sì dúró bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi rí i pé ara ò yún mi.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹjọ ẹ ò lè rí ilẹ̀ mọ́. Mo máa ń gbé ìtàkùn yẹn sókè kí n wo abẹ́ ẹ̀. Ó dúdú, ó tutù, ìgbẹ́ ẹkòló pọ̀ níbẹ̀, èkan tó ṣẹ́kù ti tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí mo bá fà á ó ń já. Lóṣù kejìlá mukúnà gbẹ fúnra ẹ̀, ó sùn sílẹ̀ bí ẹní. Mo ṣa irúgbìn ẹ̀ pa mọ́, mi ò sì jẹ́ kí iná débẹ̀, a ro ẹsẹ̀ ààlà yíká kí iná àwọn tó ń dẹ̀gbẹ́ má bàa wọlé.

Awólọ́wọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, títu ni. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì rọ̀ ni kẹ́ ẹ tu ú tìdí tìdí, kó tó di oṣù kejìlá tó máa yọ òdòdó, torí tó bá ti gbó afẹ́fẹ́ máa gbé irúgbìn ẹ̀ kiri, iṣẹ́ ọdún míì ti dé nìyẹn. Abàfẹ̀, mo hú èyí tó pọ̀, mo fi mélòó kan sílẹ̀ fún òjìji ẹran.

Ní 2022 mi ò fọ́n irúgbìn mọ́. Ìdí guinea grass ni mo lọ wú. Ó ń hù fúnra ẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì káàkiri ìlú yìí, mo tọrọ, wọ́n ní kí n kó o lọ, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ pé mo bá wọn tún ibẹ̀ ṣe. A gé ewé orí ẹ̀ kó ku bí ìbú ọwọ́ méjì, a ya ìdí ẹ̀ sí kéékèèké, mẹ́ta mẹ́ta sínú ihò kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàárín poro sí poro, ẹsẹ̀ kan àbọ̀ láàárín ihò sí ihò. Oṣù kẹfà la gbìn ín, kó lè múlẹ̀ kí ọ̀dá oṣù kẹjọ tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì la roko sáàárín ẹ̀ lọ́dún yẹn, èkan tó bá yọjú a ń fi ọwọ́ wa á títí dé oríkèé tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ yẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbin koríko tó wá gbàgbé ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kó má gbìn ín.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ìgbà tí ẹran lè wọ̀ ọ́. Bàbá darandaran yẹn náà ló kọ́ mi. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n di ìdì koríko kan mú lókè, wọ́n já a lójijì bí àgùntàn ṣe máa ń fi ẹnu já a. Gbogbo ẹ̀ bá wọn wá tòun ti iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ funfun, kò gùn ju ìka lọ. Wọ́n rọra tún un gbìn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní tí ẹran bá wọ̀ ọ́ báyìí, gbogbo ẹ̀ ló máa hú. Mò ń lọ já a wò ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ìgbà tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá mo já a, ewé já sí mi lọ́wọ́, ìdí ẹ̀ ò mì. Ọjọ́ yẹn ni mo kó àgùntàn wá.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí. Éékà tó wà lókè, tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, kìkì pé iná ò wọ ibẹ̀ fọ́dún méjì tí a sì ń bẹ́ èkan ibẹ̀ lóòrèkóòrè, èrúwà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fúnra ẹ̀. Èrúwà tí wọ́n fi ń bo ilé láyé àtijọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbìn ín, ilẹ̀ ló ní i tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣì kéré tó tutù ẹran fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, tó bá ti gbó ó ti le nìyẹn.

Àṣìṣe tó dùn mí jù, lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni mo ṣe é. Iléyá 2023 ń bọ̀, mo ra àgbò 14 pé kí n fi koríko yẹn bọ́ wọn sanra kí n tà wọ́n. Mo kó gbogbo wọn wọ éékà kan yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án wọ́n ti jẹ ẹ́ kanlẹ̀, ó pọ́n, ìdí koríko nìkan ló ń hàn bí irun tí wọ́n fá. Mo tà wọ́n, mo jèrè díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò tún rọ̀, imí eṣú àti òsépòtu ló kọ́kọ́ bo àlàfo, torí mo ti tún tú ilẹ̀ síhòòhò, ẹnu ẹran ni mo fi ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn abo tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, abẹ́ àgbọ̀n wọn wú, ọmọ àgùntàn méjì kú. Dókítà ẹran tó wá wò wọ́n ní aràn ni, pé ìsàlẹ̀ koríko níbi tó sún mọ́ ilẹ̀ ni ọmọ aràn pọ̀ sí jù, tí ẹran bá ń họ ilẹ̀ jẹ wọ́n á máa gbé e mì. Ó fún wọn lóògùn, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n jẹ koríko kúrú mọ́.

Látìgbà yẹn mo pín ibẹ̀ sí márùn-ún. Ọ̀pá agúnmáníyè ni mo rì mọ́lẹ̀ lójú ààlà, ó hù, ó di ọgbà tó wà láàyè, ewé ẹ̀ náà oúnjẹ ni, mo kàn máa ń jẹ́ kó rọ díẹ̀ kí n tó fún wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń lò nínú ọ̀kan, kí wọ́n tó padà síbẹ̀ ó ti sinmi ọjọ́ 24. Tó bá ti ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan dín díẹ̀, wọ́n jáde, bó tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹrin ni. Tí wọ́n bá jáde tán èmi náà á wọlé, torí ohun tí ẹran ò fẹ́ jẹ ló máa ṣẹ́kù, òsépòtu àti Awólọ́wọ̀, tí mo bá fi í sílẹ̀ òun ló máa so irúgbìn, mo máa ń fi àdá bẹ́ ẹ. Láàárọ̀ mi ò kì í tú wọn sílẹ̀ títí ìrì á fi gbẹ. Lálẹ́, ibi tí ilẹ̀ ò ti dáa ni mò ń gbé ọgbà àsùnsí wọn lọ, ọ̀sẹ̀ kan níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn ń bọ́ ilẹ̀. Ibì kan wà tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lásán tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni koríko ti dúdú jù báyìí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì le. Lóṣù kẹwàá mò ń gé èyí tó pọ̀, mò ń sá a, mò ń dì í sókè àjà, tí ọyẹ́ bá dé òun àti èèpo ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Èèpo yẹn mo máa ń sá a gbẹ dáadáa, tútù ẹ̀ ní májèlé nínú, ẹ má fún ẹran yín ní tútù o.

Éékà mẹ́ta ló ti bọ́ sọ́wọ́ mi báyìí. Èyí tó kángun sí ọ̀nà ló kù, èkan ṣì wà níbẹ̀, mo ti bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, irúgbìn mukúnà kún kẹ́ẹ̀gì méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Òjò ni mò ń wò.